Àyè Tó Ṣófo Nínú Ìwé Orúkọ: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe, àti Ohun Tí Ìdílé Yín Ní Láti Ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin ará gbogbo tí omi lé kúrò nílé ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀.

Nígbà tí a pín ẹní, ìkòkò àti owó ìrànwọ́ kẹ́yìn, àwọn ìdílé kan jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, a kò pe orúkọ wọn. Àwọn mìíràn gbọ́ orúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí a fún wọn kò tó iye ẹni tó wà nínú ilé wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹnì kan ló yọ orúkọ àwọn kúrò, tàbí pé ẹni tó bá mọ ènìyàn nìkan ni à ń fún. Mo gbé ìwé orúkọ náà kalẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àyè kan ṣófo nínú ìlà wọn, tàbí pé ohun tí a kọ síbì kan kò bá ohun tí a kọ síbòmíràn mu. Ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà wà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà ṣe báyìí, kí a tó tún pín ohunkóhun. A kò lè dá a ṣe láìsí yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ wa àti ohun tí àwa náà yóò béèrè lọ́wọ́ yín.

BÍ ÌWÉ ORÚKỌ NÁÀ ṢE RÍ

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé sí gbọ̀ngàn ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń kọ orúkọ yín sórí bébà, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ tó kọ ọ́ pọ̀. Ara yín tutù, ọmọ ń sunkún, ẹnu kò sì fẹ́ ya ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a kó gbogbo bébà yẹn sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ fi ojú inú wo ìwé ńlá kan tí a fa ìlà sí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ tó lọ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: òpó orúkọ olórí ìdílé, òpó nọ́ńbà fóònù, òpó àdúgbò tí ẹ ti wá, òpó iye ẹni tó wà nínú ilé, òpó iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, òpó aláìsàn tàbí àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú. Ibi tí ìlà yín àti òpó kan bá ti pàdé ni ìdáhùn yín máa ń wà.

Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ yín. Kò rí ojú yín, kò sì gbọ́ ohùn yín rí. Ohun tó wà nínú àyè yẹn nìkan ló mọ̀. Bí a bá fẹ́ pín ẹní, a óò bi í pé: "Mú gbogbo ìdílé tó ju ẹni márùn-ún lọ jáde." Yóò wo òpó iye ẹni. Níbi tó bá ti rí 7, yóò mú un. Níbi tó bá ti rí 4, yóò fi í sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti rí nǹkan kan, kì í sọ pé "ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè." Yóò kọjá lọ ni.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà náà fara pa mọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò tún bi í pé: "Mú ìdílé tí kò ju ẹni márùn-ún lọ jáde." Ìdílé tí àyè tiwọn ṣófo kò tún ní jáde. Wọn kò sí lára ìdílé ńlá, wọn kò sì sí lára ìdílé kékeré. Wọ́n wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan tí a fà yọ láti inú ìwé náà. Bí ẹnì kan ṣe lè jókòó láti àárọ̀ dálẹ́ láìgbọ́ orúkọ rẹ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́.

"A KÒ MỌ̀" KÌ Í ṢE "KÒ SÍ"

Àyè tó ṣófo kì í ṣe oríṣi kan. Ó lè jẹ́ pé a kò béèrè rárá, nítorí ilẹ̀ ti ṣú. Ó lè jẹ́ pé a béèrè, ẹ kò mọ̀ ọ́n tàbí ẹ kò fẹ́ sọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n bébà náà rin, ohun tí a kọ sórí rẹ̀ sì pa rẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè náà kò kàn yín: a kò lè béèrè nọ́ńbà fóònù ọkọ lọ́wọ́ opó.

Lórí bébà wa, akọ̀wé kan fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òmíràn fa ìlà kékeré síbẹ̀. Òmíràn kọ "nil". Òmíràn kọ "kò sí". Òmíràn kọ òdo. Lójú ènìyàn, gbogbo wọn jọra. Lójú kọ̀ǹpútà, ìdáhùn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí a kọ "nil" sí òpó fóònù rẹ̀, kọ̀ǹpútà gbà pé ó ti dáhùn, kò sì ní kà á mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ lọ wá láti béèrè nọ́ńbà wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo rí i pé àyè pọ̀ tó ṣófo nínú òpó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ tètè yá. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi òdo kún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbà bẹ́ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí a wá pín mílíìkì àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n, tó sì di èkejì lọ́wọ́ mú, dúró níwájú mi, èmi sì ń wo ìwé tó ní kò lọ́mọ kékeré kankan. Òdo tí mo kọ síbẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Àìmọ̀ wa ni mo sọ di àìní tirẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí àyè náà ṣì ṣófo, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó máa mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè. Lẹ́yìn tí mo fi òdo dí i, kò sí ẹni tó máa béèrè mọ́. Bébà ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni a padà lọ tú wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí a tó mọ àwọn tí òdo tiwọn jẹ́ òdo lóòótọ́.

Láti ìgbà yẹn, òfin wa ni pé a kì í méfò. Bí a kò bá mọ̀, a óò kọ "a kò mọ̀", a óò sì wá ẹni náà lọ.

A KÌ Í KA ỌMỌ FÚN ỌLỌ́MỌ

Òpó kan wà tó ṣófo ju àwọn yòókù lọ, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa béèrè pé "Ọmọ mélòó lẹ bí?", ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá dáhùn pé, "Olúwa ló mọ iye wọn," tàbí "Wọ́n pọ̀, a dúpẹ́." Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kò ní tún béèrè lẹ́yìn ìyẹn. Ó fi àyè náà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ló ṣe, ẹ̀yin náà kò sì ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìrẹsì, iye ẹní àti iye nẹ́ẹ̀tì, orí ènìyàn la fi ń ṣírò wọn. Nítorí náà, a ti yí ìbéèrè náà padà. A kò ní bi yín ní iye mọ́. A óò sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àwọn tó jọ ń sùn lábẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú yín, kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí ẹnì kọ̀ọ̀kan." Bí ẹ bá ti ń dárúkọ, akọ̀wé yóò máa kọ wọ́n. Kíkà di iṣẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe gbàgbé ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, ìyá àgbà, àti ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí omi dé. Ẹ má sì ka ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tàbí tó ti ní ilé tirẹ̀ mọ́ wọn, nítorí wọ́n lè ti kọ orúkọ rẹ̀ níbòmíràn.

ỌJỌ́ ORÍ ÀTI ỌJỌ́ ÌBÍ

Bí ẹ bá wo òpó ọjọ́ ìbí nínú ìwé wa, ẹ óò rí i pé ó dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni a bí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọn kò mọ ọjọ́ náà, akọ̀wé ló fi ìyẹn dí àyè náà, kí fọ́ọ̀mù má bàa ṣófo. Kò burú kí a fojú díwọ̀n, bí a bá ti kọ ọ́ pé a fojú díwọ̀n ni. Òpó kan ti wà fún ìyẹn báyìí: "ó dájú" tàbí "ìfojúdíwọ̀n".

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò ní ìwé ìbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ rántí. Ṣé ọmọ ìkókó ni yín nígbà tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà ní 1956? Ṣé ẹ ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà òmìnira ní 1960? Ṣé ẹ ti bímọ nígbà tí ọkọ̀ ṣí láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ní oṣù kẹrin 1972, tàbí nígbà tí a yí owó sí náírà ní 1973? Ṣé ẹ ti gbéyàwó kí FESTAC 1977 tó dé? Akọ̀wé wa yóò fi ìyẹn ṣírò ọdún yín, yóò sì kọ "ìfojúdíwọ̀n" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn tó fún wa láti mọ ẹni tí kò yẹ kó máa dúró lórí ìlà.

Ohun mìíràn tó ń da ọjọ́ rú ni bí a ṣe ń kọ ọ́. Òjò ńlá tó rọ̀ sí Èkó ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 2024, bí mo bá kọ ọ́ sí 03/07/2024, ẹ̀yin yóò kà á sí oṣù keje. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bí ti Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹta, nítorí oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú níbẹ̀. Ọmọ tí a bí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin dàgbà ju bó ti yẹ lọ. Fún ọmọ ọwọ́ tó nílò oúnjẹ ọmọdé, oṣù mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré. Nítorí náà, a ó máa kọ orúkọ oṣù náà jáde, a kò ní fi nọ́ńbà dúró fún un mọ́.

ORÚKỌ KAN, Ọ̀NÀ MẸ́RIN

Ìyá kan lè jẹ́ Fọláṣadé nínú ìwé ìbí, Shade nínú báǹkì, Sade lórí káàdì ìdìbò, kí àdúgbò sì máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Ní ọjọ́ tí omi dé, Ìyá Ìbejì ló jáde lẹ́nu ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ wá, ó sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Kọ̀ǹpútà gbà pé ẹni méjì ni. Nígbà tí a bá rí ìlà méjì tí àdírẹ́sì wọn jọra, ẹnì kan lè rò pé ó fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì dá méjèèjì dúró. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló wá ń jìyà.

Àmì orí ọ̀rọ̀ náà tún ń fa wàhálà. Ibi tí a bá ti kọ ṣ, ẹ̀rọ mìíràn á sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun lè di ohun tí kò sẹ́ni tó lè pè nígbà tí a bá ń pe orúkọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fi òpó mẹ́ta rọ́pò ọ̀kan: orúkọ bó ṣe wà lórí NIN yín tàbí ìwé mìíràn tí ẹ ní, orúkọ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ fúnra yín, àti orúkọ tí àdúgbò mọ̀ yín sí. Bí èkíní bá ṣófo nítorí omi gbé ìwé lọ, èkejì àti ẹ̀kẹta ṣì lè mú yín jáde.

Àwa ará agbègbè yìí mọ ohun tí orúkọ ń ṣe lọ́jọ́ ìṣòro. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkó-bọ́ǹbù-sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàù, àwọn ènìyàn sá títí dé ibí, ọ̀pọ̀ sì ṣubú sínú omi kánáàlì Òkè-Àfà. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lọ tó kú nínú àjálù ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ọmọ sì sọ òbí wọn nù. Ọmọ kékeré mọ̀ pé "Mọ́mì" ni ìyá òun ń jẹ́. Bí ìyá bá ń wá ọmọ pẹ̀lú orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí, tí ẹni tó gba ọmọ náà sílé sì kọ orúkọ tí ọmọ sọ, ìwé méjèèjì kò ní pàdé. Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní orúkọ wọn àti ti òbí wọn ní kíkún, títí kan orúkọ àdúgbò. Ní ti ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín tí kì í ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ nílé, àti orúkọ ẹni tó bí i, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

ÈJÌGBÒ WO?

Òpó àdúgbò náà kún, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣọ̀kan. Àwọn kan kọ "Èjìgbò" sí àyè ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn kan kọ "Oṣòdì-Ìsọlọ̀". Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ ní 2003, Èjìgbò sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ogún ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ni a sì ka Èjìgbò mọ́. Ìwé tó bá ń lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ bíi NEMA, Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ni yóò wá. Bí a bá ka àwọn ìdílé tí wọ́n kọ "Oṣòdì-Ìsọlọ̀" nìkan, a ti gbàgbé àwọn aládùúgbò wọn tó kọ "Èjìgbò".

Èjìgbò mìíràn tún wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú ńlá tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Bí òpó ìpínlẹ̀ bá ṣófo, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Àbújá kò lè mọ Èjìgbò tí à ń sọ. Nítorí náà, a ti ya òpó yẹn sí mẹ́rin: ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, agbègbè ìdàgbàsókè, àti òpópónà pẹ̀lú ojúlé. Mẹ́ta àkọ́kọ́, akọ̀wé kì í tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́. Yóò yàn án láti inú àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹnì kan má bàa kọ ọ́ báyìí, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ bọ́ọ̀hún. Ẹ̀kẹrin nìkan ni ẹ máa sọ. Bí ilé yín kò bá ní nọ́ńbà, ẹ dárúkọ ohun tó wà nítòsí rẹ̀: mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́sítọ́ọ̀pù, tàbí orúkọ onílé.

NỌ́ŃBÀ FÓÒNÙ

Nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ mọ́kànlá, òdo ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń rò pé òdo tó wà níwájú iye kò wúlò, á sì gbé e jù nù. Ohun tó kù á wá di mẹ́wàá, ẹ̀rọ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sì lè kọ̀ ọ́. Àwọn tí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè tí wọn kò gbọ́, irú èyí ló ṣe ọ̀pọ̀ wọn. A ti dá òdo padà síbi tí a ti rí i pé òun ló sọnù. NIN náà jẹ́ ẹyọ mọ́kànlá, àwọn kan sì kọ ọ́ sí àyè fóònù. Ìwọ̀nyẹn, a kò lè dá a tún ṣe láìbi yín.

Bí fóònù yín bá bá omi lọ, ẹ fún wa ní nọ́ńbà ẹnì kan tó lè jíṣẹ́ fún yín, kí ẹ sì sọ pé ti ẹlòmíràn ni, kí a má bàa kà yín mọ́ ìdílé rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń TÚN ÌWÉ NÁÀ ṢE

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ṣe ẹ̀dà ìwé náà bó ti wà, a sì tì í pa. Bí a bá ṣi nǹkan ṣe, a lè padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ka iye àyè tó ṣófo nínú òpó kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Àyè tó ṣófo nìkan ni a ń kún. Bí nǹkan bá ti wà níbẹ̀ tí ẹ sọ pé kì í ṣe òtítọ́, a kì í pa á rẹ́ bẹ́ẹ̀. A óò kọ èyí tó tọ́, a óò sì fi ti tẹ́lẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí a yí i padà àti ẹni tó yí i. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ìlà méjì tó bá dà bí ti ẹnì kan, a kì í pa ọ̀kan rẹ́ láì kọ́kọ́ rí ẹni náà lójúkojú. Ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé mẹ́wàá lè ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo, kí ìyá ọkọ àti ìyàwó sì jọ máa jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

1. Ẹ mú káàdì ìdílé tí a fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wá sí gbọ̀ngàn ìjọ tí ẹ ti gbà á. Nọ́ńbà orí káàdì yẹn ni a fi ń wá ìlà yín. Bí ó bá sọnù, ẹ ṣì wá. A óò fi orúkọ àti àdúgbò wá a.

2. Ẹ ní kí akọ̀wé ka gbogbo ìlà yín sí yín létí, láti òpó kìn-ín-ní dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tí kò lè kàwé lè mú ọmọ tàbí aládùúgbò tó fọkàn tán wá.

3. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "a kò mọ̀", ẹ dáhùn rẹ̀. Ibi tí kò bá kàn yín, ẹ sọ pé "kò kàn mí", akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà. A kò ní torí ìyẹn yọ orúkọ yín kúrò.

4. Bí omi bá gbé ìwé NIN yín lọ, nọ́ńbà náà kò sọnù. Ẹ tẹ *346# lórí láìnì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ fún NIN, yóò jáde; wọ́n máa ń yọ owó díẹ̀ lórí láìnì náà. Ẹni tí kò ní NIN, a kò ní lé e padà. Ẹni méjì láti àdúgbò rẹ̀ tí àwa náà ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lè jẹ́rìí sí i.

5. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní kí a fún yín ní bébà kékeré tó fi ohun tí a tún ṣe àti ọjọ́ tí a tún un ṣe hàn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí òjò má bàa pa á.

6. Bí nǹkan bá yí padà nílé yín lẹ́yìn náà, bí ẹ bá bímọ, bí ẹnì kan bá ṣaláìsí, bí ẹ bá kó lọ sọ́dọ̀ ìbátan, bí ẹ bá yí nọ́ńbà padà, ẹ padà wá sọ fún wa. Ìwé tó tọ̀nà lónìí lè má tọ̀nà mọ́ lóṣù tó ń bọ̀.

OHUN TÍ A KÒ NÍ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

A kò ní béèrè BVN yín. A kò ní béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì yín, tàbí nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. A kò ní gba kọ́bọ̀ kan láti tún orúkọ ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun fẹ́ bá yín "tún àkọsílẹ̀ ṣe", tó sì béèrè irú nǹkan wọ̀nyí, olè ni. Ẹ pa fóònù, kí ẹ sì wá sọ fún wa. Gbọ̀ngàn ìjọ nìkan ni a ti ń ṣe àtúnṣe, àfi fún aláìsàn àti arúgbó tí kò lè rìn. Àwọn yẹn, ẹ rán ẹnì kan sí wa, a óò wá bá wọn níbi tí wọ́n wà, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ wa lọ́rùn.

Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kọ nípa yín, kí ẹ sì ní kí ó tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Òfin náà mú wa, ó sì mú báǹkì àti ilé iṣẹ́ fóònù. Nítorí náà, ẹni tó bá wá sọ pé "orúkọ mi kò tọ́" kò wá tọrọ ojú rere.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA Ń BI WÁ

Bí ẹ bá tún ìlà mi ṣe, ṣé mo máa rí ohun tí ẹ ti pín kọjá gbà? Àwọn tí àyè òfìfo tàbí àṣìṣe wa mú kí wọ́n fo orúkọ wọn, a ti ń kọ wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn la óò kọ́kọ́ pè nígbà tí ẹrù mìíràn bá dé. N kò lè ṣèlérí iye tí yóò jẹ́, nítorí ohun tó bá dé la lè pín.

Ṣé bí mo bá sọ pé iye wa kéré ju ohun tí ẹ kọ lọ, ẹ máa bínú? Rárá. Bí ọmọ kan bá ti padà sílé ìwé tàbí tí ìbátan kan bá ti lọ, ẹ sọ ọ́. Ẹní tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ilé ẹlòmíràn ni yóò lọ.

Kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Bí ìdáhùn méjì bá bára mu, ó dájú. Bí wọn kò bá bára mu, ibẹ̀ gan-an ni a ti ń rí àṣìṣe wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún wa.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn, a ti tún ìlà tirẹ̀ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ àwọn ọmọ náà fún mi, mo sì kà á padà sí i létí. Ó ní, "Ó kù ẹnì kan." Ó gba ọmọ àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀ ní òru ọjọ́ omi, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ọmọ náà ti wà nínú ìwé báyìí. Ẹ̀yin náà, ẹ wá kí a ka ti yín sí yín létí.